Hubert Ògúndé: ẹni tó fi orin gbé eré rìn

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ìlú Ìbàdàn ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí lọ́dún 1916, ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ìlú yìí kan náà ni orin rẹ̀ ti bá ìjọba forí gbárí. Ọ̀pọ̀ wa la mọ̀ ọ́n ní òṣèré. Iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akéwì-orin la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ló ní kó ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀, tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì, ní 1944. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà náà, orin ni àwọn òṣèré fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tó bá kọ orin náà ló kọ eré.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ ló ń darí ohùn orin. Bí akọrin bá gbé «ọkọ» sórí re-re, ọkọ ìyàwó ló pè; bó bá gbé ìparí rẹ̀ lọ sí mí, ó di ọkọ́ àgbẹ̀; bó bá já a sí dò, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ní Dùgbẹ̀ ló dà. (Ẹni tó bá ti fi ohùn òyìnbó kọ orin ìsìn Yorùbá rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ.) Ẹ wá gbọ́ «Yorùbá Ronú», orúkọ eré rẹ̀ kan, bí ẹnu ṣe ń pè é: re-dò-mí, re-mí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló parí sókè, bí ìgbà tí ènìyàn ń ké sí ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

Eré tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ìtàn ọba tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ni ó ṣe ní gbọ̀ngàn Ọbísẹ̀san nílùú Ìbàdàn ní 1964, nígbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ṣì gbóná, tí kò sì sí òǹwòran tó nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Wọ́n lè ti gbọ̀ngàn pa, ṣùgbọ́n orin náà wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Kí ó tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1990, fíìmù ló gbájú mọ́. Ó ṣe Ayé, Jáyésinmi, Àròpin Ń Tènìyàn àti Àyànmọ́. Ẹ wo àwọn orúkọ méjì àárín yẹn: odindi gbólóhùn ni wọ́n, bí ẹni pé ẹni tó sọ wọ́n ṣì ń wá ẹni tí yóò gbè é lórin.