Ta Ló Kọ Ímeèlì Yìí Gan-an?

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbuwọ́lù orí ímeèlì, èyí tó ń fi ẹni tó kọ̀wé gan-an hàn, là ń sọ lónìí. Ẹ bá mi wo ímeèlì tó wà lójú ẹ̀rọ yìí. Orúkọ ẹni tí ẹ ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ ló wà lókè, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pé, kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀. Ó ní àwọn ti pààrọ̀ báńkì, kí ẹ san owó ọjà oṣù yìí sínú àkáǹtì tuntun.

Ẹ má tíì sáré sanwó. SMTP, ìlànà tí ímeèlì fi ń ti ibì kan dé ibòmíràn, ti wà láti 1982, àwọn tó ṣe é kò sì fi àyẹ̀wò kankan síbi orúkọ ẹni tó kọ̀wé. Ohun tó bá wu olè ló lè kọ síbẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ímeèlì ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní DKIM báyìí: kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ló ń lu òǹtẹ̀ fún ímeèlì bó ṣe ń jáde. Ó dáa, àmọ́ ilé-iṣẹ́ ló ń jẹ́rìí níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó kọ ọ́. Bí olè bá ti mọ páásíwọọ̀dù onítọ̀hún, tó wọ inú àpótí rẹ̀ lọ kọ̀wé, DKIM á lu òǹtẹ̀ fún òun náà wẹ́rẹ́.

Ìbuwọ́lù tí à ń sọ lónìí yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ẹni tó kọ̀wé gan-an ló ń ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ náà, méjì ni, ìgbà kan náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣẹ̀dá wọn. Ti ìkọ̀kọ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ yín. Ti gbangba, ẹ lè fún gbogbo ayé. Ohun tí ti ìkọ̀kọ̀ bá buwọ́ lù, èkejì rẹ̀ yẹn nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Whitfield Diffie àti Martin Hellman ló gbé èrò yìí jáde ní 1976. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rivest, Shamir àti Adleman ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà rí ìṣirò tó gbé e dúró, èyí tí à ń pè ní RSA. Ní 1991 ni Phil Zimmermann fi PGP, áàpù tó ṣe, gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Ìjọba Amẹ́ríkà tìtorí ẹ̀ ṣèwádìí ọkùnrin náà fún ọdún mélòó kan bí ẹni tó kó ohun ìjà lọ sókè òkun. Ìṣirò lásán o!

Kí kọ̀ǹpútà tó buwọ́ lu ímeèlì, ó máa kọ́kọ́ fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ di ìlà kan tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Ìlànà ìṣirò tó ń jẹ́ SHA-256 ló sábà ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo ìlà òkè lójú ẹ̀rọ: inú ímeèlì tí mo kọ ₦500,000 sí ló ti wá. Mo fi òdo kan péré kún owó náà. Ẹ wá wo ìlà ìsàlẹ̀: kò jọ ti òkè mọ́ rárá. Ìlà yìí ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ń buwọ́ lù. Bí ímeèlì bá dé, kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á á tún un fún pọ̀ fúnra rẹ̀, á sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹ ìbuwọ́lù wò. Bí wọn ò bá bára mu, á kìlọ̀. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó bá dán an wò níbí, àṣírí á tú, kódà bó jẹ́ kọ́mà ló yọ.

Ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù kì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ o. Ẹni tó bá rí ímeèlì náà lọ́nà á kà á tán. Bí ẹ bá fẹ́ bò ó, kọ́kọ́rọ́ gbangba ti ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí lẹ máa lò. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, àkọlé ímeèlì tún máa ń wà níta ìbuwọ́lù, nítorí náà ẹ má kọ iye owó síbẹ̀.

Thunderbird, áàpù ímeèlì kan, ni màá fi hàn yín, torí láti 2020 ni OpenPGP, ìlànà tó ti inú PGP wá, ti wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lọ sí Account Settings, ẹ tẹ End-to-End Encryption, lẹ́yìn náà Add Key. Ẹ fi ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ yáa yan Primary Password, àìṣe bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà yín ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ nìyẹn. Bí ẹ bá ń kọ ímeèlì, ẹ tẹ OpenPGP, kí ẹ mú Digitally Sign. Ẹni tí kò ní áàpù tó mọ̀ ọ́n máa rí fáìlì kékeré kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tètè sọ fún un pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹnikẹ́ni lè ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ní orúkọ yín. Àmì tó ní “ojúlówó” lè jẹ́ ojúlówó ìbuwọ́lù olè! Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtẹ̀ka tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Ẹ pe onítọ̀hún lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì yẹn. Kí ó ka tirẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ̀yin máa fojú bá a lọ. Àwọn kan máa ń wo mẹ́jọ ìgbẹ̀yìn nìkan. Ní 2016, wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, mẹ́jọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì bá ti gidi mu. Ẹ gbọ́ ogójì náà tán.

Kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ wọ OpenPGP Key Manager, ẹ ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yín sínú flash, kí ẹ gbé flash náà síbi tí kọ̀ǹpútà kò sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà yẹn lẹ máa fi fagi lé kọ́kọ́rọ́, tí ẹ óò wá fi èyí tí ẹ ti fagi lé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní ti gbangba yín lọ́wọ́.