Bí a ṣe ń wá ibi tí wáyà ọkọ̀ ti bíríìjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láti inú ọgbà iṣẹ́ mi ní Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rìwáyà, ìyẹn títún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe, ni mò ń ṣe. Ọkọ̀ tí ẹ ń wò yìí ti jó fíúsì iná bíréèkì mẹ́rin láàárín ọjọ́ méjì, ẹni tó sì kọ́kọ́ tún un ṣe wulẹ̀ fi fọ́nrán wáyà di ojú fíúsì náà ni. Ẹ sún mọ́ ibí: ike ihò fíúsì ti yọ́, etí rẹ̀ sì ti dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Fíúsì ni ó yẹ kí ó já kí wáyà má baà jóná. Bí a bá wá dí i lọ́wọ́, gbogbo ìdì wáyà tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni yóò máa gbóná, ọkọ̀ sì lè gbaná mọ́ èèyàn nínú.

Kí n tó mú irinṣẹ́ kankan, mo bi Bàbá tó ni ọkọ̀ léèrè ìgbà tí fíúsì ń já. Wọ́n ní kì í já bí ọkọ̀ bá dúró, kì í sì í já bí wọn kò bá tẹ bíréèkì, àfi bí wọ́n bá tẹ bíréèkì níbi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun. Ìdajì iṣẹ́ wà nínú ìdáhùn yẹn. Súwíìṣì iná bíréèkì wà lórí pẹ́dàlì. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ pẹ́dàlì nìkan ni fíúsì ń já, a jẹ́ pé láti fíúsì dé súwíìṣì kò ní àbùkù, ẹ̀yìn súwíìṣì lọ sí ìdí ọkọ̀ ni kí a wá a sí. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀nà gbágungbàgun ló ń fà á, wáyà tó ń mira ni a ń wá.

Ohun tí a ń pè ní bíríìjì nìyí: iná kúrò lórí bátìrì, ó gba fíúsì àti súwíìṣì, ó yẹ kí ó dé inú gílóòbù kí ó tó gba bọ́dì ọkọ̀ padà sí bátìrì. Bí rọ́bà ara wáyà bá bó, tí bàbà inú rẹ̀ kan bọ́dì, iná yóò gba ibẹ̀ padà láì ṣe iṣẹ́ kankan, kò sì sí ohun tí yóò dín agbára rẹ̀ kù.

Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ yín. Sípánà 10 ni mo fi tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Nẹ́gétíìfù ni a máa ń kọ́kọ́ tú, nítorí bí sípánà bá kan bọ́dì nígbà tí a ń tú pọ́sítíìfù, iná yóò ṣẹ́ yọ lójú ẹsẹ̀.

Mo yọ fọ́nrán wáyà náà kúrò. Gílóòbù wáàtì 21 tí mo so wáyà méjì mọ́ ni mo fi sí ààyè fíúsì. Gílóòbù yìí kò ní jẹ́ kí iná tó kọjá tó áńpù méjì, nítorí náà wáyà kò lè jóná bí a ti ń wá a. Mo yọ gbogbo gílóòbù bíréèkì ẹ̀yìn, mo dá bátìrì padà, mo sì ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Gílóòbù tó wà ní ààyè fíúsì kò tàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tàn yòò nísinsìnyí, a jẹ́ pé bàbà ti kan bọ́dì níbì kan.

Mo wá ń mi wáyà díẹ̀díẹ̀, láti ìdí pẹ́dàlì lọ sí ẹ̀yìn. Bọ́ràn bá ṣòkùnkùn, à bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo dé búùtù, mo gbé ìdérí rẹ̀ sókè, mo rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo gílóòbù wa: ó tàn, ó kú, ó tún tàn. Mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wáyà lọ sínú ìdérí búùtù, mo sì tún mi ín. Kò tàn mọ́.

Mo bọ́ rọ́bà tó bo wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí ìdérí búùtù fi ń ṣí, tó sì fi ń pa dé. Ẹ wò ó: ara wáyà kan ti là, bàbà rẹ̀ ń dán, àpá dúdú kékeré sì wà lára irin gan-an níbi tí ó ti ń kàn án.

Ẹni tó bá fẹ́ fi mítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn iná, ṣe é lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tú bátìrì, kí ó sì yọ gílóòbù. Ìdíwọ́ tí gílóòbù wáàtì 21 tó tutù ń ṣe fún iná kì í sábà tó óòmù kan. Mítà lè pè é ní bíríìjì nígbà tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Wáyà ẹ́àbáàgì, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà aláwọ̀ yẹ́lò bò, ẹ má fi mítà tàbí tẹ́sítà kàn án rárá.

Bí a bá fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ níbi tí ó ti ń ká, yóò le gan-gan, yóò sì tún já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó náà. Mo gé apá tó bàjẹ́ kúrò, mo fi wáyà tuntun tó sanra bákan náà rọ́pò rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ méjèèjì jìnnà sí ibi tí ó ń ká.

Mo dá gílóòbù ẹ̀yìn padà, mo fi fíúsì áńpù 15 aláwọ̀ búlúù sí ààyè rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi di bíréèkì mú, mo sì ṣí búùtù, mo pa á dé, nígbà ogún. Iná bíréèkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn, fíúsì kò já. Ihò fíúsì tó yọ́ yẹn ló kù, ọkọ̀ yìí kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ mi títí n ó fi pààrọ̀ rẹ̀.