Banc d'Arguin: ẹrẹ̀ tó ń bọ́ ẹyẹ mílíọ̀nù méjì

Ẹ káàsán o. Àwọn tí ò ráàyè wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Sátidé ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ síta, ẹ má bínú, mo ti gé e kúrú díẹ̀.

Ibi tí mo sọ̀rọ̀ lé lórí ni Banc d'Arguin, létí òkun Mòrìtáníà, níbi tí iyanrìn Sàhárà ti ń wọnú òkun tààrà. Ìjọba ibẹ̀ fòfin dáàbò bò ó ní 1976, ó fẹ̀ tó 12,000 kìlómítà níbùú lóròó, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1989. Tí òtútù bá ti mú ní àríwá ayé lọ́hùn-ún, ẹyẹ etí omi tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń kó wá síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá ní aṣálẹ̀? Ẹrẹ̀ ni o! Omi tútù máa ń ru sókè látìsàlẹ̀ òkun lágbègbè yẹn, oúnjẹ ló kún inú ẹ̀, koríko inú omi wá hù bo ẹrẹ̀ náà rẹpẹtẹ, tí omi bá ti fà báyìí ilẹ̀ á yọ, ẹyẹ á ya bò ó, wọ́n á máa kẹ́nu bọlẹ̀, tó bá tún kún wọ́n á lọ sinmi.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan nínú wọn, red knot, ẹyẹ tí ò tó ẹyẹlé. Sàìbéríà ni wọ́n ti ń pamọ, wọ́n á yà jẹun létí òkun Wadden, ní Netherlands, Jámánì àti Denmark, kí wọ́n tó máa bọ̀. Àwọn ẹran omi kékeré tó ń gbé inú karawun ni wọ́n ń jẹ ní Mòrìtáníà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ rì sísàlẹ̀ ẹrẹ̀, ó tún ní májèlé díẹ̀, tí ẹyẹ bá jẹ ẹ́ jù á máa ṣu gbuuru, àmọ́ òun náà ló wà. Ní 2016 àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde pé yìnyín ń tètè yọ́ ní Sàìbéríà báyìí, kòkòrò ti ń yọ tán kí ọmọ ẹyẹ tó pa, ebi ń pa wọ́n, wọn ò dàgbà tó, àgógó wọn kúrú. Wọ́n wá dé Mòrìtáníà, oúnjẹ wà nísàlẹ̀, ẹnu ò tó o, gbòǹgbò koríko ni wọ́n ń jẹ, àwọn yẹn náà ló sì ń kú jù. Nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ Banc d'Arguin, èwo ló fẹ́ lọ mú oòrùn Sàìbéríà?

Èyí tọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ká ni ẹja. Àwọn Imraguen tó ń gbébẹ̀ nìkan ló láṣẹ láti pẹja níbẹ̀, ọkọ̀ ìgbòkun nìkan sì ni, ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń figi lu omi, dọ́fììnì á bá wọn lé ẹja tí wọ́n ń pè ní mullet wá sínú àwọ̀n (bẹ́ẹ̀ ni, dọ́fììnì gidi). Nígbà tó yá àwọn tó ń ra lẹbẹ shark gbówó dé, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ àwọ̀n shark, àfìgbà tí wọ́n fòfin dè é ní 2003.

Arákùnrin kan wá bi mí pé ṣé kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi ń jẹ àwọn èèyàn yẹn, kí gbogbo ayé máa lo ẹ́ńjìnnì káwọn ṣì máa ta ìgbòkun. Mo ní òfin yẹn náà ni ò jẹ́ káwọn onẹ́ńjìnnì láti ìta wọlé wá gbá ẹja wọn lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tọ́. Ibẹ̀ lọmọ ẹja ti ń dàgbà, tó bá tóbi tán á jáde sójú òkun, àwọn ọkọ̀ ńláńlá òyìnbó á kó o lọ. Lóòótọ́, wọ́n ti yọ lára owó àdéhùn ẹja tí EU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ń san fún Mòrìtáníà láti fi tọ́jú ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìbéèrè tó yẹ ká bi wọn ni pé èló nínú ẹ̀ ló ń dé ọwọ́ apẹja tó ń ta ìgbòkun?