Ẹ́ńjìnì kejì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, iṣẹ́ ni: ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ ní Tánkẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wá láti Malete tẹ́ ẹ ń kọ́ ìmọ̀ bàálù, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán wá, ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bàálù kékeré tó ń lo turboprop, irú èyí tó ń kó èèyàn mẹ́sàn-án sí mọ́kàndínlógún, tó ń gbé ẹrù, tó tún lè balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọn ò da ọ̀dà lé. Ṣé ẹlẹ́ńjìnì kan ni ká rà àbí ẹlẹ́ńjìnì méjì?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Inú turboprop ò yàtọ̀ sí ti jẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ wọlé, iná jó, afẹ́fẹ́ gbígbóná yí àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké inú ẹ̀, agbára yẹn ló wá ń yí propeller tẹ́ ẹ̀ ń rí níwájú. Jet A-1 ló ń mu, ọmọ ìyá kẹrosíìnì, kì í ṣe bíi bẹntiróòlù àwọn bàálù ẹlẹ́ńjìnì písítìnì tó ṣòroó rí ní ìlú wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni PT6 tí Pratt & Whitney ti Kánádà ń ṣe láti ọdún 1963. Òun ló wà nínú Cessna Caravan ẹlẹ́ńjìnì kan, òun ló wà nínú Pilatus PC-12, òun náà ló wà nínú Twin Otter àti King Air tí wọ́n ní méjì méjì. Ẹ fọkàn sí i o, ẹ́ńjìnì kan náà ni! Torí náà ẹni tó bá ní òun ò fọkàn tán an tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ló dé tó wá fọkàn tán an nígbà tí wọ́n so méjì?

Ìwọ̀n tí ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, gbé kalẹ̀ kí ẹlẹ́ńjìnì kan tó lè gbé èrò lóru tàbí nínú kùrukùru ni pé irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pàdánù agbára tó ẹ̀ẹ̀kan nínú wákàtí 100,000. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ lójú gbogbo wa báyìí. Bàálù tó ń fò wákàtí 500 lọ́dún, ó máa lo ọdún 200 kó tó pé 100,000. Tẹ́ ẹ bá wá gbé méjì lé e, ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn á dákẹ́ á sún mọ́ tòsí, á di ọdún 100, torí ohun tó lè bàjẹ́ ti di méjì. Àwọn tó ń ta bàálù ò ní sọ apá yìí fún yín. Wọ́n á ní "ọ̀kan kú, ọ̀kan kù", wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìbejì, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí Táyé bá dákẹ́ lójijì tí ẹrù méjèèjì bọ́ sí Kẹ́hìndé lórí, ẹ wo bó ṣe máa rí. Bàálù ti kúrò nílẹ̀ ní Ilorin níbí, oṣù kẹta, oòrùn mú, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ẹrù kún inú ẹ̀, kò tíì ga ju igi ìrókò lọ, ẹ́ńjìnì òsì bá dákẹ́. Kì í ṣe ìdajì lẹ pàdánù o. Lóòótọ́ ìdajì agbára ló lọ, ṣùgbọ́n agbára tó ṣẹ́ kù yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni bàálù máa fi gbé ara ẹ̀ dúró, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èyí tó fi ń gòkè lè lọ. Ẹ́ńjìnì ọ̀tún tó ń ṣiṣẹ́ á máa ti imú bàálù sí òsì, propeller tó kú á dúró bí ilẹ̀kùn tó ṣí sínú afẹ́fẹ́, á máa fà á sẹ́yìn. Páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pédà kó le, kó mọ èyí tó kú, kó yí propeller ẹ̀ kó máa la afẹ́fẹ́ bí ọ̀bẹ, kó sì ṣọ́ eré ẹ̀. Eré kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti wálẹ̀ jù ú lọ, ìrù bàálù ò ní lágbára láti mú un tọ́ mọ́, á dojú dé ni. Gbogbo iṣẹ́ yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ̀rù sì ti ń bà á.

Ẹ rántí Taipei ní Taiwan, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2015, ATR 72, turboprop ẹlẹ́ńjìnì méjì. Ọ̀tún ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ti òsì tí kò ṣe nǹkan kan ni ọ̀gá páílọ́ọ̀tì fà sẹ́yìn tó sì pa. Èèyàn 43 kú nínú 58. Ẹ́ńjìnì kejì wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ èèyàn ló pa á. Tiwa ní Abuja náà ńkọ́, ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2021, King Air 350 ti àwọn ọmọ ogun òfurufú wa, ó ń lọ sí Minna, wọ́n ké sí pápákọ̀ pé ẹ́ńjìnì ní ìṣòro, wọ́n ń padà bọ̀, wọn ò dé e. Àwọn ọmọ wa méje. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò dá páílọ́ọ̀tì kankan lẹ́bi o, mò ń fi hàn yín pé níní méjì nìkan ò tíì gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tó ra ẹlẹ́ńjìnì méjì, tí kì í rán páílọ́ọ̀tì ẹ̀ lọ sínú simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù, déédéé kó lọ máa pa ẹ́ńjìnì kó máa tẹ pédà títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n láìronú, ewu ló fowó rà, ó kàn kùn ún lọ́dà tó dáa ni.

Ẹlẹ́ńjìnì kan ńkọ́? Tó bá dákẹ́, ó dákẹ́ náà nìyẹn, kò sí àṣìmọ̀, imú ò yí síbì kankan. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ṣe Caravan sọ pé ó gbọ́dọ̀ lè fò jẹ́jẹ́ dé nọ́ọ̀tì 61 kó tó já, ìyẹn bíi kìlómítà 113 ní wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ! Téèyàn bá rí oko gbọrọ kan níwájú ẹ̀ tó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn jáde. Nǹkan mìíràn tún wà: kì í ṣe gbogbo ìgbà tí agbára lọ ni ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ bàjẹ́, nígbà mìíràn ẹ̀rọ tó ń wọn epo fún un ló dàrú, Caravan sì ní ọ̀pá kan lọ́tọ̀ tí páílọ́ọ̀tì lè fi bu epo fún un fúnra ẹ̀. Mo ti pàdé àwọn tó ń wà á tí wọn ò mọ ohun tí ọ̀pá yẹn wà fún. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ibí yìí ni mo dé, mo fẹ́ bọ́ sórí owó, nígbà tí ìyá wa kan, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, láti ọ̀nà Òró-Àgọ́, na ọwọ́ sókè. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aláboyún kì í yan ọ̀sán o. Ọ̀gànjọ́ òru lẹ̀jẹ̀ máa ń dà. Tí ẹ́ńjìnì yín kan ṣoṣo bá kú lóru lórí òkè wa, tí páílọ́ọ̀tì ò rí oko tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, kí ni 113 fẹ́ ṣe fún un?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sọ òótọ́ fún wọn: mọ́mì, tó bá jẹ́ alẹ́ òní ni, tó jẹ́ òkè yín, mi ò ní gbé aláboyún yẹn sínú ẹlẹ́ńjìnì kan. Ẹlẹ́ńjìnì méjì ni, tí páílọ́ọ̀tì ẹ̀ bá ti wọ simulator láàárín oṣù mẹ́fà. Ìdí ẹ̀ nìyí tí Yúróòpù lápapọ̀ ò fi fàyè gba ẹlẹ́ńjìnì kan láti gbé èrò sanwó lóru àfi ní ọdún 2017, wọ́n sì so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: kí ẹ̀rọ kan máa ka ìlera ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí iná tí bàálù máa lò tí jẹnẹrétọ̀ inú ẹ̀ bá kú wà nílẹ̀, kí wọ́n sì ti yan ibi tí wọ́n lè balẹ̀ sí lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbéra.

Àmọ́ ẹ wo Ọsirélíà. Àwọn dókítà tó ń fi bàálù kiri níbẹ̀ ti wà láti ọdún 1928, PC-12 wà lọ́wọ́ wọn, King Air wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fò lóru sí oko tí kò sí iná mànàmáná. Báwo? Àwọn ará oko yẹn ló máa ń to agolo tí wọ́n tan iná epo sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí bàálù fẹ́ sá lé, bíi fìtílà lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ilẹ̀ ti wà ní títẹ́jú, ẹnì kan ń gé koríko ẹ̀, ẹnì kan ń lé màlúù kúrò. Ohun tí à ń wá nìyẹn mọ́mì. Òró-Àgọ́ ò ní ilẹ̀ tí King Air tàbí Caravan lè balẹ̀ sí, yálà ọ̀kan ni ẹ́ńjìnì ẹ̀ tàbí mẹ́wàá.

Alága ètò ti ń fi ìka hàn mí pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, ọ̀rọ̀ owó wá di sísáré sọ. Grand Caravan ń mu bíi lítà 200 ní wákàtí kan, Twin Otter á sún mọ́ ìlọ́po méjì ẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2022 tí epo bàálù dé ₦700 lítà kan tí àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Títú ẹ́ńjìnì palẹ̀ tún ṣe, bíi wákàtí 3,600 ni lórí ọ̀pọ̀ Caravan, owó ńlá ni, ẹlẹ́ńjìnì méjì á san án lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹrù: FedEx, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kó ẹrù kiri, ti ń lo Caravan láti àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n wá bèèrè fún SkyCourier ẹlẹ́ńjìnì méjì ní 2017, àpótí ẹrù ńláńlá ni wọ́n fẹ́ kó wọ inú ẹ̀. Ti odò: ẹni tó bá máa fò lórí Ọya tàbí adágún Kainji lójoojúmọ́, kó ra méjì, mi ò bá a jà.

A ò rántí ka àdúrà ìparí. Àwọn ọmọ Malete ti tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ìyá wa ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀ náà àti baálẹ̀ tá a máa lọ bá. Ọmọ kan bèèrè bóyá mítà 800 máa tó Caravan. Mo ní ó lè tó, ó kù sí bí ilẹ̀ bá le àti bí òkè tó wà ní ìparí ẹ̀ bá ga tó, ká kọ́kọ́ lọ wọ̀n ọ́n. Sátidé tó ń bọ̀ la fi àdéhùn sí.