Iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, iná tí kì í jó ọwọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Ẹ wo igi ọwọ́ mi yìí. Ẹ̀yìn oko wa ní Kétu níbí ni mo ti gbé e. Òjò ti pa á títí, ó ti ń jẹrà. Mo fẹ́ bó èèpo rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn. Ṣé ẹ rí ohun funfun tín-ín-rín bí òwú tó ta káàkiri inú rẹ̀? Olú nìyẹn. Èyí tó ń dé fìlà, tí à ń já sínú agbọ̀n nígbà òjò, bí èso ló ṣe jẹ́. Òwú tó ń jẹ igi lábẹ́ èèpo yìí gan-an ni ara olú.

Olú tèmi yìí kì í tàn. Ṣùgbọ́n ó lé ní 70 irú olú láyé tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á máa tàn, ìmọ́lẹ̀ wọn á sì dà bí àwọ̀ ewé. Fìlà làwọn mìíràn fi ń tàn. Ti àwọn mìíràn, òwú inú igi ni, tí ègé igi jíjẹrà á fi máa mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ inú igi yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní foxfire. Fox ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, fire ni iná.

Kí ló wá kan kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nínú ọ̀rọ̀ olú? Àwa tí a gbọ́ Faransé, ọkàn wa lè tètè lọ sí faux, ìyẹn ayédèrú: iná ayédèrú. Àwọn Òyìnbó kan náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ wo àwọn ará Jàpáàn: wọ́n ní kitsunebi, kitsune ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, bi ni iná. Wọn kò yá tiwọn lọ́wọ́ Faransé kankan.

Ṣùgbọ́n ohun tí Jàpáàn ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olú. Iná tó ń rìn lóru ni, tí wọ́n ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń tàn án. Ní Ọ́jì, tó wà nínú Tokyo òde òní, ìtàn wọn sọ pé ní alẹ́ tó kẹ́yìn ọdún, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa kó ara wọn jọ sábẹ́ igi kan, tàwọn tiná wọn. Ní Finland ẹ̀wẹ̀, revontulet náà ni iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ojú ọ̀run ni tiwọn wà: ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lókè lóru ìgbà òtútù. Wọ́n ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń sáré lórí yìnyín, tí ìrù rẹ̀ ń gbá a sókè. Orúkọ kan náà, iná mẹ́ta tí kò bára tan!

Ẹ jẹ́ ká padà sínú igi. Ẹ fọwọ́ kan èyí tó ń tàn, tútù ni. Èròjà kan wà nínú olú náà tí wọ́n ń pè ní luciferin. Tí òun àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá pàdé, tí èròjà kejì, luciferase, bá dá sí i, ìmọ́lẹ̀ á jáde, ooru kò ní bá a jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1667, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Robert Boyle fi irú igi bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, ó fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde. Ìmọ́lẹ̀ ṣú. Ó dá afẹ́fẹ́ padà, igi tún tàn. Ó ju 100 ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ayé tó mọ orúkọ ọ́síjìn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ọkọ̀ abẹ́ omi kan tí wọ́n ń pè ní Turtle, ìyẹn Ìjàpá, tí David Bushnell ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1776, Ezra Lee nìkan ló jókòó sínú rẹ̀ lóru, ó ń wa ọkọ̀ náà lọ bá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní èbúté New York. Bó bá tan àbẹ́là, àbẹ́là á jẹ afẹ́fẹ́ tó fẹ́ mí. Igi olú títàn ni wọ́n fi sára kọ́ńpáàsì àti ohun tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe jìn tó, kó lè rí wọn. Àmọ́ olú kì í fẹ́ òtútù: tí otútù bá mú gan-an, igi náà kì í tàn.

Firefox orí kọ̀ǹpútà yín, tí ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 2004, orúkọ ẹranko pupa kan ní Éṣíà ló gbà, kì í ṣe olú.

Ní Yorùbá ńkọ́, kí la fẹ́ máa pe olú tó ń tàn yìí? Bí mo bá ní iná kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Kétu, adìẹ ni ìyá mi á kọ́kọ́ sáré lọ kà. Olú fúnra rẹ̀ ti ní ìtumọ̀ méjì: èyí tí à ń sè, àti èyí tó wà nínú olú ìlú. Olú tanátaná ni èmi yàn. Kò sí ọmọ tí kò mọ tanátaná, luciferin ni kòkòrò náà fi ń tàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti olú.

Bí àwọn àgbà yín ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ bá ti ní orúkọ tiwọn fún un, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ìlú yín mọ́ ọn.