Ta Ló Ń Lọ Àlìkámà Philipse?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ilé onígi tí ẹ ń wò létí adágún yìí, ilé ọlọ ni. Odò Pocantico ló ń yí i, ní Sleepy Hollow, nítòsí odò Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York. Àtúnkọ́ lèyí tó wà níbẹ̀ báyìí.

Frederick Philipse, káfíńtà tó wá láti Hóláńdì, ló ni ibẹ̀. Ní 1693 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ tó tó 52,000 éékà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, ọlọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé àlìkámà wọn wá. Ó kú ní 1702, Adolph ọmọ rẹ̀ sì jogún apá ibí yìí. Ṣùgbọ́n Manhattan ni Adolph fi ṣe ilé. Ta ló wá ń lọ ọkà? Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n sọ di ẹrú ni, Caesar lorúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà dáadáa. Wọ́n sé odò kí omi lè pọ̀. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn omi, kẹ̀kẹ́ ńlá ìta á bẹ̀rẹ̀ sí yí, eyín igi inú ilé á gbá ara wọn mú. Òkúta kan dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìyá ọlọ ilé wa, èkejì ń yí lórí rẹ̀. Ọkà ń gba ihò àárín wọlé, ìyẹ̀fun ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Bí òkúta méjèèjì bá fara kanra, ìyẹ̀fun á jóná, ilé pàápàá lè gbiná. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, ọkà ò ní kúnná. Ẹni tó ń lọ ọkà ní láti máa fi àtàǹpàkò ra ìyẹ̀fun bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó gbé òkúta sókè. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn.

Diamond, ẹrú bíi tiẹ̀, ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àgbá ìyẹ̀fun lọ sí Manhattan. Láti ibẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì, níbi tí àwọn ẹrú mìíràn ti ń gé ìrèké.

Adolph kú ní 1750. Ẹrú mẹ́tàlélógún (23) ni wọ́n kọ mọ́ ẹrù rẹ̀, Caesar àti Diamond wà níbẹ̀. Wọ́n polówó ẹrú kan tó ń lọ ọkà àti atukọ̀ kan fún títà, pẹ̀lú màlúù àti ẹṣin.

Ní 1779, New York gba ilẹ̀ náà nítorí pé ìdílé Philipse gbè sẹ́yìn ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ra oko tiwọn. Ṣùgbọ́n ìkónilẹ́rú ò tán lẹ́sẹ̀ kan náà: 1827 ni New York tó dá gbogbo ẹrú sílẹ̀.