Orin Àtà àti Iyeré: Bí A Ṣe Ń Dán Egbòogi Wò Lára Kòkòrò àti Lára Èèyàn

Ẹ̀yin ìyá wa lékulẹ́ja, ẹ̀yin ọlọ́jà ẹ̀wà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Egbòogi méjì péré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: orin àtà àti iyeré. Ìdí tí mo fi mú wọn ni pé iṣẹ́ méjì tí kò bára tan ni àwọn onímọ̀ ti dán àwọn méjèèjì wò fún: àrùn fòníkúfọ̀ládìde tí dókítà ń pè ní sickle cell, àti kòkòrò tó ń dá ẹ̀wà lu nínú àpò.

Ẹni tó bá ti run orin àtà rí mọ̀ bó ṣe ń ta ahọ́n, tí ẹnu á sì kú díẹ̀. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà yẹn, tí a ń pè ní Yunifásítì Obafemi Awolowo lónìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni bóyá oje rẹ̀ lè pa kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu. Wọ́n lo àwo àyẹ̀wò tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣú tó bá pẹ́. Níbi tí oje orin àtà wà, pípọ́n ló ṣì pọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti W. A. Isaacs wá ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1971 pé oje gbòǹgbò náà ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí fòníkúfọ̀ládìde ti tẹ̀ bíi dòjé nà padà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí nìyí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ẹni tó ní àrùn náà, wọ́n á fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ sodium metabisulphite lé ọ́síjìn inú rẹ̀ lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Wọ́n á kán oje sí i, wọ́n á máa fi maikirosikópù kà wọ́n: mélòó ló ṣì tẹ̀, mélòó ló ti nà? Ìgò kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọn ò ní kán oje sí. Ìgò yẹn lèmi kọ́kọ́ máa ń béèrè bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ewé òun ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti ẹ̀wà, torí ibẹ̀ ni màgòmágó ti pọ̀ jù. Kòkòrò tí ẹ ń rí tó ń rìn lórí ẹ̀wà, Callosobruchus maculatus, òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ ẹ́, ọmọ rẹ̀ ni. Abo á lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà, tíntín funfun bí ìgbà tí èèyàn fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán ẹ̀kọ sí i. Ọmọ á lu ẹ̀wà wọlé láti abẹ́ ẹyin yẹn, á jẹ inú rẹ̀, tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á ti dàgbà, á gé ihò róbótó jáde. Ẹni tó bá ka òkú kòkòrò lọ́jọ́ kejì tó ní oògùn òun jẹ́, kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́. Kó ka ẹyin, kó sì dúró ka àwọn ọmọ tó bá jáde.

Nínú lábù, a lè wọn ẹ̀wà gíráàmù 20 sínú kólòbó, ká bu ìyẹ̀fun iyeré gíráàmù 1 sí i, ká wá kó akọ márùn-ún àti abo márùn-ún sí i. Ẹ fi awò yẹ ìdí wọn wò: abo ló tóbi jù, ó sì ní ilà dúdú lọ́tùn-ún lósì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣì í, tó kó akọ nìkan sí i, kò ní rí ẹyin kankan, á sì máa yin iyeré fún iṣẹ́ tí iyeré kò ṣe. Kòkòrò yìí tún gbọ́n: bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á díbọ́n bí òkú. Abẹ́rẹ́ la fi ń tọ́ ọ nídìí pẹ̀lẹ́; èyí tí kò bá mi ẹsẹ̀ la ń kà mọ́ òkú.

Òkú máa ń wà nínú ìgò tí a kò fi nǹkan sí pẹ̀lú, torí kòkòrò náà kì í pẹ́ láyé. Bí 10 nínú 100 bá kú níbẹ̀, tí 55 nínú 100 sì kú níbi tí iyeré wà, ìṣirò tí W. S. Abbott gbé jáde ní 1925 la ń lò. Yọ 10 kúrò nínú 55, ó ku 45. Pín in fún 90 tí ìbá wà láàyè. Ìdajì péré ni iyeré pa.

Iyeré ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó ti wà nínú ìwé ìwádìí láti 1986, èèpo gbòǹgbò orin àtà sì tẹ̀lé e ní 1994. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 1 sí 20 já sí kílò 5 iyeré fún àpò ẹ̀wà oníkílò 100. Èwo nínú ẹ̀yin ọlọ́jà ló máa rà á? (Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.) Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn: ìwádìí tó ń parí sínú kólòbó ti pọ̀ jù, nígbà tí dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó lè pa èèyàn, ń wọ inú ẹ̀wà ní ọjà. NAFDAC dá títà ike kékeré rẹ̀ dúró ní 2019.

Ohun tí a fi ń yọ oje náà ńkọ́? Ẹ̀yin ń fi omidùn tàbí ògógóró rẹ gbòǹgbò. Àwa ń lo kẹ́míkà olómi bíi methanol tàbí hexane. Omidùn máa ń kan lẹ́nu, kíkan yẹn sì ń fa àwọn èròjà kan jáde tí hexane kò ní fọwọ́ kàn. Oògùn tí a dán wò lè máà jẹ́ èyí tí ẹ ń tà rárá.

Ti èèyàn tún le ju ti kòkòrò lọ. NIPRISAN, oògùn fòníkúfọ̀ládìde tí iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn NIPRD ní Abuja ṣe láti inú àgbo tí oníṣègùn ìbílẹ̀ Rev. P. O. Ogunyale fi hàn wọ́n, ní iyeré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà nínú. Èèyàn 82 ni wọ́n fi dán an wò nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2001. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn gidi, wọ́n fún àwọn kan ní ayédèrú tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn kò mọ èwo lòun ń lò, dókítà náà kò mọ̀. Ìrora líle dín kù, àìtó ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Orin àtà náà ti dé ibìkan: ní Burkina Faso, wọ́n pò ó mọ́ bòmubòmu, ìjọba sì fọwọ́ sí i bí oògùn àrùn náà ní orúkọ FACA.

Ìyá kan béèrè pé ṣé ewé orin àtà ò lè rọ́pò gbòǹgbò, torí wíwú gbòǹgbò ń pa igi. Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Mà á, ó ṣeé ṣe, àmọ́ a ní láti tún gbogbo àyẹ̀wò yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun dán ohunkóhun wò, kó má mú ìyẹ̀fun wá o. Ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso la fẹ́, ká lè gbé e lọ sí Forest Herbarium, ibi tí wọ́n ti ń dá ewé àti igi mọ̀, ní Jericho, n'Ìbàdàn. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ka yẹn sọ́dọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ wa wò lọ́jọ́ iwájú lè rí i.